ERE RE DAJU

Kí ìyá tó bí i tó lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àfi kó kọ́kọ́ pè é ní Olùdarí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni yóò béèrè, bí ẹni pé kì í ṣe ohùn yẹn ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Ìyá rẹ."

"Ìyá ta ni?"

Ìyá á mí kanlẹ̀. "Ìyá Olùdarí."

"Ẹ̀hẹn! Ẹ kú ilé o, mà."

Bẹ́ẹ̀, kò tíì darí nǹkan kan rí. Kò darí fíìmù. Kò darí eré ọmọ iléèwé. Ewúrẹ́ aládùúgbò wọ àgbàlá rẹ̀ nígbà kan, kò lè darí rẹ̀ síta. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ìgbálẹ̀ lé e. Fọ́tò ìgbéyàwó ló ń yà tẹ́lẹ̀, títí ó fi di ọjọ́ tó gé orí ọkọ ìyàwó kúrò nínú gbogbo fọ́tò, tó ní ọgbọ́n ọnà ni. Iṣẹ́ tán. Ọjọ́ yẹn ni ayàwòrán kú, tí Olùdarí gorí oyè.

Ẹ wò ó bó ṣe ń bọ̀ ní títì. Olùdarí, ọkọ dígí! Awò dúdú lójú nínú òjò. Ṣíkáàfù lọ́rùn nínú ooru. Arìn-bí-ẹni-tí-wọ́n-ń-yà-lọ́wọ́. Asọ̀rọ̀-bí-ẹni-tí-wọ́n-ń-gbà-sílẹ̀. Yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣe fèrèsé níwájú ojú, yóò máa fi í wo àwọn èèyàn bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n tó ń dúnàádúrà lọ́kàn. Lójú rẹ̀, wọ́n á kí i, "Olùdarí!" Bó bá kọjá tán, wọ́n á parí orúkọ náà: "Afẹ́fẹ́."

Olùdarí Afẹ́fẹ́.

Fíìmù tó ń torí rẹ̀ lé owó kiri yìí, kì í ṣe òun ló ni ín. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Ìwé kíkà ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé tó wà ní igun títì. Ìtàn tó kọ kúrú. Obìnrin kan ń di irun ìyá rẹ̀. Ìyá béèrè orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ìyá gbàgbé, ó tún béèrè. Ó tún sọ ọ́. Irun parí, fíìmù parí. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń jóná.

Ìyá Tíṣà gan-an ni yóò ṣe ìyá inú fíìmù náà, torí ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Ìgbàgbé ti ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ òpó, láti inú. Àmọ́ ó ṣì mọ Tíṣà. Láràárọ̀, yóò rẹ́rìn-ín sí i, yóò pè é ní orúkọ kan tí òun nìkan ń pè é láyé. Dókítà ti ní kí wọ́n má fọkàn sí i pé yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ yà á nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ mí," ni Tíṣà wí. "Kámẹ́rà tí a máa háyà, àti máìkì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Fi lé mi lọ́wọ́," ni Olùdarí wí. "Màá pe àwọn èèyàn. Wọ́n á dáwó jọ. Fíìmù tí gbogbo ayé bá jọ ràn lọ́wọ́, ta ló lè dá a dúró?"

Ó fi lé e lọ́wọ́. Owó oṣù tíṣà ò tó háyà nǹkan kan, ọkọ rẹ̀ sì ní ẹnu. Ó rò pé ẹnu lè bí owó. Ẹnu bí i lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹnu tó bí i náà ló ń jẹ ẹ́.

Olùdarí ṣí ojúlé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbà dáwó láti orí fóònù rẹ̀. Ó pín oyè. Ẹni tó bá dá díẹ̀, Ọ̀rẹ́ Fíìmù. Ẹni tó bá dá púpọ̀, Òpó Fíìmù. Ẹni tó bá ṣèlérí tí kò dá nǹkan kan, Olóòtú Àgbà. Lẹ́yìn náà ló tẹ pósítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo títì.

Ojú Olùdarí ló gba pósítà náà. Iwájú orí rẹ̀ nìkan tó yàrá ẹni kan. Ìyá Tíṣà wà níbẹ̀ o, ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá àna rẹ̀, ó tó bọ́tìnnì. Orúkọ Tíṣà ò sí. Lábẹ́ àgbọ̀n Olùdarí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ọ̀rọ̀ ìpè náà rèé: RAN WA LOWO, ERE RE DAJU.

Tíṣà dúró wò ó pẹ́.

"Àmì ohùn dà?"

"Àmì wo?"

"Lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ere. Ere wo ni?"

"Àwọn àmì yẹn ń jọ eṣinṣin. Mi ò fẹ́ eṣinṣin lábẹ́ àgbọ̀n mi."

"Àwọn ọmọ kíláàsì kejì mi ò jẹ́ kọ ọ́ báyìí."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà ní kíláàsì kejì."

"Eré la fẹ́ ṣe, àbí kì í ṣe eré?"

"Eré ni."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà, fara balẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ ọ́n kà."

Àwọn tó gbọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Wàhálà tó dé nìyẹn.

Onílé ló kọ́kọ́ dé. Ilé tí wọ́n ń gbé, òun ló ni ín. Òun ló ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí owó bá já bọ́ ní òpin títì, etí rẹ̀ á yí.

"Olùdarí, mo rí pósítà rẹ. Èrè yẹn, ṣé ó dájú?"

Èrè. Olùdarí gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ ò di. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì, bí ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn báńkì. Ọkùnrin yìí rò pé òwò ni, pé owó tó bá wọlé yóò bímọ. Olùdarí la ẹnu láti tún un ṣe. Ó wá rí i pé ọwọ́ onílé ti wà nínú àpò.

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó tún un là.

"Ó dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, sà."

Lọ́jọ́ kejì, onídìrí pè é wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irun ẹlòmíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlarun wà lẹ́nu rẹ̀.

"Olùdarí mi! Eré tí mo máa ṣe, ṣé mo máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àbí mo kàn máa kọjá?"

Ẹni méjì péré ló wà nínú ìtàn náà. Olùdarí mọ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà kún inú rẹ̀.

"O máa sọ̀rọ̀. O máa sunkún pàápàá."

"Mo mọ ẹkún ún sun!" Ó sì bú sí i lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun yọ orí, ó ní ta ló kú.

"Ẹ̀yin náà lè sunkún," ni Olùdarí sọ fún un, ó fi ìka méjì wò ó. "Ojú yín dáa fún un."

Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, gbogbo wọn ti ní ipa. Ọ̀kan á ṣe àǹtí, ọ̀kan á ṣe adájọ́. Wọ́n dáwó. Ìtàn ìyá àti ọmọ ti kún bí ibùdókọ̀.

Sájẹ́ńtì ló wá ṣìkẹta. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò bá a padà wálé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Olùdarí, ó gbéra sókè lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo kà á. O ní ẹni tó bá ràn yín lọ́wọ́, ère rẹ̀ dájú."

"Ère... kẹ̀, sà?"

"Ìjọba tí mo fi ẹsẹ̀ mi sìn ò rò ó. Ìwọ lo rò ó. Ibo lẹ máa gbé e sí?"

Ìgbà yìí, ó yé Olùdarí. Ère! Ohun tí wọ́n ń gbẹ́! Èèyàn rere ì bá ti ṣàlàyé fún bàbá àgbàlagbà náà, ì bá mú un jókòó, ì bá fún un lómi. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì ti ń tú ìdìpọ̀ kan, owó sì kì í dé kí wọ́n ní kó padà.

"Igi ni wọ́n máa fi ṣe é ni, àbí òkúta?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Idẹ," ni Olùdarí wí. "Èèyàn bíi tiyín, sà, ẹ kì í ṣe ẹni igi."

Ó wá okùn, ó wọn àyà Sájẹ́ńtì. Ó wọn èjìká rẹ̀. Ó ní kó gbé àgbọ̀n sókè.

Owó ń wọlé. Tíṣà ń béèrè kámẹ́rà.

"Kámẹ́rà ló máa ń gbẹ̀yìn," ni Olùdarí wí. Ó ra kóòtù. Ó ra àga ìkápọ̀ kan, ó ní kí wọ́n kọ OLUDARI sẹ́yìn rẹ̀. Ó háyà ayàwòrán, ó jókòó sórí àga náà, wọ́n yà á. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta, kó kọ́kọ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àáké. Olùdarí kì í wà lọ́jà kí kámẹ́rà kọjú sí ẹlòmíì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà wọlé wá bá a níwájú dígí.

"Orúkọ àǹtí mi tó ti kú ni wọ́n fi pè mí lónìí."

"Ta ni?"

"Màmá. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní ìgbà wo ni mo ti àjò dé. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká yà á lọ́sẹ̀ yìí."

Olùdarí wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó ṣe fèrèsé níka.

"Ìbànújẹ́ yẹn dáa gan-an," ni ó wí. "Má lò ó tán. Fi pamọ́ fún fíìmù."

Tíṣà fi í sílẹ̀ níwájú dígí. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá.

Owó tó kù kò tó háyà òjìji kámẹ́rà, ká má tíì sọ kámẹ́rà. Olùdarí ò mikàn. Ó pe àpéjọ. Àpéjọ Gbogbo Òpó Fíìmù, ní gbọ̀ngàn iléèwé Tíṣà, lọ́sàn-án Sátidé. Ìdáwó kejì ni yóò béèrè, ó sì ti mọ̀ lọ́kàn pé ìdáwó yìí ló máa ra fìlà tó bá kóòtù mu.

"Gbé Màmá wá," ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti máa rí wọn. Àánú á ṣe àwọn èèyàn."

Gbọ̀ngàn kún. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ti na pósítà tó tóbi jù lọ mọ́ ògiri, àga wà lórí pèpéle, Olùdarí wà lórí àga. Onílé jókòó níwájú pẹ̀lú bàbá méjì tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Onídìrí àti àwọn oníbàárà rẹ̀ gba apá òsì, wọ́n ti múra bí ẹni tí wọ́n ń lọ yà lójú ẹsẹ̀. Sájẹ́ńtì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lórí ìdúró. Lẹ́yìn pátápátá, Tíṣà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Olùdarí dìde. Kóòtù tàn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin òpó mi! Bí mo bá ní 'Ràn wá lọ́wọ́', kí ẹ dáhùn ohun tó kù. Kí òrùlé gbọ́!" Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ràn wá lọ́wọ́!"

Òrùlé gbọ́.

"ÈRÈ rẹ dájú!" Ìlà iwájú.

"ERÉ rẹ dájú!" Apá òsì.

"ÈRE!" Ẹnu ilẹ̀kùn, ohùn kan ṣoṣo, bí àṣẹ ogun.

Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀wù mẹ́ta há sọ́rùn ẹnì kan. Onílé yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Kí lo pè é?" ni ó bi onídìrí.

"Eré, sà. Eré tí a fẹ́ ṣe."

"Eré kẹ̀? Ta ló fẹ́ ṣeré? Èmi, pẹ̀lú ewú orí mi?"

"Èmi ni mo fẹ́ ṣe é, sà. Ẹkún tí mo fi ń dánra wò láti ọjọ́ yìí, ohùn mi ti ń há."

"Ẹ dákẹ́!" ni Sájẹ́ńtì wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ èdè. Ère ni. Ère idẹ. Ó tiẹ̀ ti wọ̀n mí."

"Ó wọ̀n yín?"

"Pẹ̀lú okùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún pa á mọ́ra. Onílé kọjú sí pèpéle.

"Olùdarí. Bá wa pe ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo, sà?"

"Èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ."

Olùdarí wẹ̀yìn wo ara rẹ̀ lórí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ bí omi inú àwo. Ó ṣírò rẹ̀ kíákíá. Bó bá pè é wálẹ̀, onídìrí á fi ìlarun gún un. Bó bá gbé e sókè, onílé á kó ẹrù rẹ̀ síta. Bó bá mú un sáàárín, idẹ dà?

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Yóò pè é láìfi ohùn kankan sí i.

"E... r... rrr..."

Bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó tún gbìyànjú. "Err..." Bébà gbà kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ láìní ohùn. Ẹnu ò gbà á.

"A ò gbọ́," ni onídìrí wí.

"Gbogbo rẹ̀ ni!" Òógùn ti bo Olùdarí. "Gbogbo rẹ̀ náà ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Eré tó ní èrè, tó tún... tó tún lè ní ère nínú!"

"Ó dáa," ni onílé wí. "Fi ọ̀kan hàn wá. Kámẹ́rà tí ẹ fi fẹ́ ṣe eré náà dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Láti ibo?"

"Ó wà lọ́nà."

"Kí lo wá ra?"

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ìdáhùn ti wá.

"Àga," ni Tíṣà wí.

Gbogbo orí yí padà.

"Àga yẹn. Kóòtù yẹn. Àti fọ́tò ẹni tó jókòó sórí àga nínú kóòtù."

"Tíṣà!" ni Olùdarí kígbe. "Ọ̀rọ̀ ilé ni!"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ má tà lójú títì. Èmi ni mo kọ ìtàn náà, ìyá mi ni ìtàn náà. Ìyá àti ọmọ ni. Kò sí àǹtí níbẹ̀. Kò sí adájọ́."

"Kò sí ẹlẹ́kún?" ni onídìrí béèrè wẹ́rẹ́.

"Kò sí, àǹtí mi. Ẹ má bínú."

"Ó sọ fún mi pé ojú mi dáa fún un!" Obìnrin abẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun ló fò dìde.

Ariwo ta. Olùdarí wo ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle.

"Olùdarí!" ni Sájẹ́ńtì pariwo.

"Sà!"

"DÚRÓ GBỌNIN!"

Ó dúró. Ẹ̀rù ló dá a dúró. Ọwọ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, àgbọ̀n gòkè, ojú ò ṣẹ́.

Onídìrí tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó. "Yéè! Ẹ wá wò ó! Ère náà rèé!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn di ara wọn mú. "Eré náà sì ti bẹ̀rẹ̀!" ni ẹlòmíì fi kún un. Onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na àtẹ́lẹwọ́.

"Ère dé. Eré dé. Ó ku èrè. Olùdarí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé, ó yá: darí owó mi sílé."

"Sà, ẹ fún mi láyè..."

"Bọ́ kóòtù. Ká fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀."

Ó bọ́ ọ. Ó rọra bọ́ ọ, ó ń gbìyànjú láti kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ṣùgbọ́n ojú pọ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Iwájú ẹ̀wù tó wà lábẹ́ kóòtù náà funfun bí lékeelékèé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò sí. Okùn méjì ló so ó mọ́ ọrùn rẹ̀, bí bíìbù ọmọdé. Ẹni tí iwájú nìkan ló ń ya fọ́tò, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn ẹ̀wù ṣe?

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú onídìrí. Ẹkún tó fi ń dánra wò ò dára tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹ̀rín náà ni Màmá dìde. Ó wo pósítà. Ó wo ọkùnrin tó dúró lórí pèpéle pẹ̀lú ìdajì ẹ̀wù.

"Ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí?"

"Ọkọ mi ni, mà," ni Tíṣà wí.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Tíṣà wo ọkọ rẹ̀. "Ó ń dúró, mà."

Màmá mi orí. Ó yíjú sí Tíṣà, ojú rẹ̀ mọ́ wá díẹ̀díẹ̀, bí yàrá tí wọ́n ń ká aṣọ fèrèsé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pè é ní orúkọ tí òun nìkan ń pè é.

Tíṣà di apá rẹ̀ mú. "Báyìí," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká yà á báyìí."

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Ọkọ rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé fíìmù tí wọ́n bá fi fóònù yà, ẹ̀tẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń bẹ̀rù ẹ̀tẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn? Onídìrí gba fóònù náà, ó fún Tíṣà ní ìlarun inú àpò rẹ̀. Sájẹ́ńtì fi ọ̀pá pa gbogbo ariwo. Onílé, tó ń ronú bó ṣe máa ta àga náà, gbé e sábẹ́ fèrèsé láìsọ̀rọ̀. Màmá jókòó. Tíṣà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun funfun náà sí méjì.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?" ni Màmá béèrè.

Tíṣà sọ ọ́.

Olùdarí ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e wá, ẹsẹ̀ tó ti mọ́ lára láti máa wá iwájú kámẹ́rà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣe fèrèsé.

"Tíṣà, gbé orí wọn sápá ibí..."

"Olùdarí," ni onídìrí wí, kò gbé ojú kúrò lára fóònù, "ẹ sún. Ẹ wà nínú àwòrán."

Ó sún.

"Òjìji yín ṣì wà níbẹ̀."

Ó tún sún. Ó sún kọjá onílé. Ó sún kọjá àwọn oníbàárà, kò sẹ́ni tó wò ó. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi bá ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìta, tí oòrùn ń jó ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò láṣọ.

"Ẹ gbọ́, èmi ni Olùdarí o!" ni ó wí.

Sájẹ́ńtì rọra ti ilẹ̀kùn. Kí ariwo ìta má bàa wọ inú fíìmù.